Abọ́ Jẹ́lì Ìyá Oníyìnyín

Mo rántí ìgbà tí ògiri yàrá mi máa ń gbọ̀n. Kì í ṣe pé ilé fẹ́ wó. Fírísà Ìyá Oníyìnyín ló wà ní òdìkejì ògiri náà, bí iná bá sì ti dé báyìí, ẹ̀rọ yẹn á kọ́kọ́ kùn bí àgbàlagbà tí wọ́n jí lójú oorun, lẹ́yìn náà ni àwọn ife orí pẹpẹ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í kan ara wọn díẹ̀díẹ̀. Mo gbé àga mi ti ògiri yẹn. Ibẹ̀ ni mo ti ń máàkì ìwé àwọn ọmọ, ibẹ̀ náà ni mo ti ń jẹun. Ẹni tó bá ti dá gbé rí á mọ ohun tí mò ń sọ. Ariwo ẹ̀rọ ilé ẹlòmíì lè di ohun tí èèyàn ń fetí sílẹ̀ dè.

Iṣẹ́ olùkọ́ ló gbé mi dé Kabba. Oúnjẹ síse àti ìtọ́jú ilé ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, mo sì ń kọ́ wọn bí ẹni tí ilé tirẹ̀ kún fọ́fọ́. Tí mo bá délé, èmi àti sítóófù mi la jọ ń wo ara wa. Mo ti ń súnmọ́ ogójì ọdún nígbà náà, mi ò lọ́kọ, àwọn òbí mi ti kú ní Amuro, àbúrò mi ọkùnrin kan ṣoṣo sì wà lókè òkun. Ìparí ọdún ló máa ń le jù fún irú wa. Àwọn ọmọ tó wà ní Àbújá, ní Èkó, ní Lọ́kọ́ja, gbogbo wọn á máa wọlé. Mọ́tò á kún iwájú ilé. Wọ́n á máa pe orúkọ ara wọn láti ojúde kan dé èkejì. Èmi á wà nínú yàrá, màá ṣe bí ẹni tí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Amuro ò jìnnà, mo lè lọ síbẹ̀ lọ ṣọdún, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo làwọn àǹtí mi tó wà níbẹ̀ máa ń bi mí, ó sì ti sú mi láti máa dáhùn rẹ̀.

Ní Kérésì àkọ́kọ́ tí mo ṣe ní Kabba, mo pinnu pé màá ṣe jẹ́lì. Mo ti rí i nínú ìwé tí mo fi ń kọ́ni. Ìyẹ̀fun pupa ni, nínú páálí kékeré. O da omi gbígbóná sí i, o rò ó, o gbé e síbi tó tutù, ó dì, ó sì ń mì nínú abọ́. Lọ́kọ́ja ni mo ti rà á. Ta ni mo fẹ́ fún jẹ? Mi ò mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìwé náà ya àwòrán rẹ̀ sórí tábìlì kan tí èèyàn mẹ́fà jókòó yí ká, mo sì rò, bí òmùgọ̀, pé tí mo bá ṣáà ti ṣe jẹ́lì náà, àwọn èèyàn yẹn á bá a wá. Mi ò ní fíríìjì. Mo gbé abọ́ náà sínú báàfù omi kànga, mo fi aṣọ tútù bò ó, mo jókòó tì í láti àárọ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́, mo ní ọyẹ́ á ràn mí lọ́wọ́. Nígbà tí mo ṣí i lọ́sàn-án, omi pupa lásán ni mo bá níbẹ̀. Mo sunkún lórí rẹ̀, kí n má parọ́.

Ibi tí mo ti ń sunkún náà ni Ìyá Oníyìnyín bá mi. Ọmọ Iyara ni, Mùsùlùmí, ó sì fi nǹkan bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Yìnyín àti omi tútù ló ń tà, ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ọjọ́ yẹn, ìkíni ẹnu ọ̀nà lásán ló wà láàárín wa. Ó wá kí mi kú ọdún ni, ó rí ojú mi, ó rí abọ́, ó sì fi "okun", ìkíni agbègbè wa, kí mi.

"Okun o, Tíṣà. Kí lèyí? Ọbẹ̀ ni àbí oògùn?"

"Jẹ́lì ni, Màmá. Ó kọ̀, kò dì."

"Haba! Ohun tó ń wá òtútù lo gbé sínú omi kànga? Tí èmi sì wà níbí?"

Kò dúró gbọ́ àlàyé. Ó gbé abọ́ náà, ó lọ. Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ tó ń kan ògiri láti òdìkejì, ó ní kí n wá wo nǹkan. Ó ti dì. Ó mi abọ́ náà, jẹ́lì náà mì, òun náà rẹ́rìn-ín títí ara tirẹ̀ fi ń mì ju ti jẹ́lì lọ. Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, tí eyín rẹ̀ ò pọ̀ mọ́. Bàbá la máa ń pè é. Ó jẹ ife méjì, ó ní oúnjẹ àkọ́kọ́ tí kò bá òun jà láti ọdún tó kọjá nìyí.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, a sì ṣe é fún ọdún márùn-ún. Èmi ń se é, òun ń mú un dì. Nígbà tí ọwọ́ wa mọ́ ọn, a kúrò lórí aláwọ̀ kan, a bọ́ sórí aláwọ̀ mẹ́ta, ìyẹn kò sì fẹ́ ìkánjú rárá. Pupa ló máa ń wà nísàlẹ̀. Tó bá ti dì débi pé o fi ìka kàn án tí kò lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́, ìgbà yẹn lo tó lè da yẹ́lò lé e, yẹ́lò náà kò sì gbọdọ̀ gbóná. Mo da gbígbóná lé e nígbà kan, àwọ̀ méjèèjì wọnú ara wọn, ó dà bí omi àgbàrá. Aláwọ̀ ewé ló máa ń gbẹ̀yìn, òun ni Bàbá sì fẹ́ràn jù. Fírísà náà tún ní ọgbọ́n tirẹ̀. Bí jẹ́lì bá di yìnyín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn. Tó bá yọ́ tán, omi á máa sun lára rẹ̀. Ìyá Oníyìnyín ló wá ibi tó dára jù fún un. Ó tẹ́ àpò ìrẹsì òfìfo mẹ́ta sórí àwọn yìnyín tó ti dì, orí àpò yẹn la máa ń gbé abọ́ sí, kí òtútù kàn án, kó má sì pa á. Mi ò rí ìyẹn nínú ìwé kankan.

Láàárín àwọ̀ kan àti èkejì, wákàtí kan ni, nígbà míì méjì, bí iná bá ṣe ojúure. Kí lèèyàn lè ṣe nínú gbogbo wákàtí yẹn ju kó sọ̀rọ̀ lọ? Ó ń sọ Ìjùmú, èdè àwọn ará Iyara, èmi ń sọ ti Amuro, a ń fi bí a ṣe ń pe nǹkan ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa. Ó sọ fún mi nípa àwọn ọmọ méjì tó sin. Mo sọ fún un nípa ọkùnrin kan tí mi ò tíì dárúkọ rẹ̀ fún ẹ̀dá alààyè. Tí òùngbẹ bá ń gbẹ mí, màá kàn wọlé ni, màá ṣí fírísà, màá fi ife rẹ̀ kan tí etí rẹ̀ ti kán mu omi, kò tiẹ̀ ní gbójú sókè wò mí. Inú mi dùn nígbà náà. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ kedere, torí ohun tó kù nínú ìtàn yìí kò dùn.

Ní àdúgbò wa, ọdún ẹnì kan ni ọdún gbogbo wa. Ní Kérésì, màá gbé ìrẹsì àti jẹ́lì lọ fún wọn. Ní Iléyá, yóò gbé ẹran wá, èmi á sì ṣe jẹ́lì fún àwọn àlejò rẹ̀. Abọ́ tánganran búlúù kan tó ní ìdérí ló fi máa ń gbé tirẹ̀ wá. Ẹni tó bá sì gbé abọ́ fún ọ, o kò gbọdọ̀ dá a padà lófìfo. Bó jẹ́ ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan lo ní, wàá fi sí i, wàá sì fẹsẹ̀ ara rẹ gbé e lọ. Nítorí náà, abọ́ yẹn kì í pẹ́ lójú kan. Ọ̀sẹ̀ yìí ó wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ó ti padà.

Ní ọdún karùn-ún, àbúrò mi fi páálí jẹ́lì méjìlá ránṣẹ́ sí mi láti òkè òkun. Ó dé nígbà tí Iléyá ku ọjọ́ méjì. Ẹ ò rí ohun tó dára bẹ́ẹ̀! Pupa rẹ̀ pupa ju ti Lọ́kọ́ja lọ, ó sì tètè dì. Àwọn èèyàn Ìyá Oníyìnyín wá láti Iyara, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n lá ṣíbí, wọ́n ní kí Tíṣà sọ ohun tó fi sí i. Bàbá jẹ ife mẹ́ta. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àṣírí ni. Èmi tí mò ń pè é ní àṣírí gan-an kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo mú páálí kan tó ṣẹ́kù lọ sí kíláàsì. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ni pé kí èèyàn máa ka ẹ̀yìn páálí oúnjẹ kó tó lò ó. Ẹ lè rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tọ́ sí mi. Mo ní kí ọmọbìnrin kan tó jókòó níwájú kà á sókè. Ó ka ṣúgà, ó ka àwọ̀, ó wá dé orí ohun tó ń mú un dì, ó gbójú sókè wò mí.

"Mà, wọ́n ní láti ara ẹlẹ́dẹ̀ ni."

Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Mo ní ó ṣeun, kó jókòó. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo kọ nǹkan sójú pátákó, mi ò sì rántí ohun tí mo kọ títí dòní.

Mi ò mọ bí mo ṣe rìn délé. Èmi ni mo fún ìyá yẹn àti ọkọ rẹ̀ ní ohun tó wá láti ara ẹlẹ́dẹ̀ jẹ, ní ọjọ́ Iléyá, nínú ilé wọn, tí mo tún ń fi í ṣe fàájì. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Ó yẹ kí n wọlé tọ̀ ọ́ lọ, kí n kúnlẹ̀, kí n sọ ọ́. Ohun tó dá mi dúró kò lọ́lá rárá. Bí mo bá sọ ọ́ tó sì bínú, ta ló kù fún mi? Mo ka àwọn tí mo lè bá sọ̀rọ̀ inú mi ní Kabba lórí ìka ọwọ́, mi ò kọjá ìka kan.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni Ìyá Oníyìnyín kan ilẹ̀kùn mi. Abọ́ búlúù náà ló gbé lọ́wọ́, mọ́ínmọ́ín gbígbóná ló wà nínú rẹ̀. Kò sí ọdún kankan, kò sì sí ẹni tó ń ṣe nǹkan.

"Okun o, Tíṣà. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí, Màmá. Orí ló kàn ń fọ́ mi."

Ó gbé abọ́ náà lé mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lọ. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò mí, mo sì ń wo mọ́ínmọ́ín. Mo rò pé ó fẹ́ kí n ní kó wọlé jókòó. Ó ní, "Tí orí náà bá ti fi ọ́ sílẹ̀, kí o máa bọ̀. Bàbá ń béèrè rẹ." Mo ní màá wá. Mi ò lọ.

Mo ní ó di ọ̀la. Nígbà tó di ọ̀la, mo ní kí òpin ọ̀sẹ̀ dé. Nígbà tí mo bá gbọ́ ohùn rẹ̀ níta, màá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí yóò fi kọjá, èmi àgbàlagbà obìnrin, olùkọ́. Tí òun bá kan ògiri, màá ṣe bí ẹni tó sùn. Kérésì dé, mo sọ fún un pé mi ò rí páálí jẹ́lì rà. Ó ní kò burú. Ní oṣù kan lẹ́yìn ọdún, mo ra fíríìjì kékeré kan, kí n má bàa ní ìdí tí màá fi wọ ilé rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n ń gbé e sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó jókòó síwájú ilé, ó ń di omi sínú ọ̀rá. Ó wo fíríìjì náà, ó wò mí.

"Ó dáa, Tíṣà," ó ní. "O ti ní tìrẹ."

Ó padà sídìí omi rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, kò kan ògiri mi mọ́.

Bàbá kú nígbà òjò ọdún kejì. Mo lọ kí wọn. Èrò pọ̀, mo jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn tí mi ò mọ̀, mo kí i bí gbogbo èèyàn ṣe kí i, ó sì dá mi lóhùn bó ṣe ń dá gbogbo èèyàn lóhùn. Kò pẹ́ sí i ni àwọn ọmọ rẹ̀ wá mú un lọ sí Iyara. Wọ́n gbé fírísà náà jáde, ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, iná dé, mo sì jókòó sórí àga mi, mò ń dúró de ohun tí kò ní dún mọ́. Fíríìjì tèmi ń ṣiṣẹ́ ní igun yàrá, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ jù. Orí pẹpẹ ni abọ́ búlúù rẹ̀ wà. Mi ò rí ojú gbé e lọ pẹ̀lú nǹkan, mi ò sì lè gbé e lọ lófìfo.

Odindi ọdún mẹ́sàn-án ló lò lórí pẹpẹ yẹn. Ọdún tó kọjá ni mo fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ kíláàsì mi àtijọ́ ṣe àpèjẹ díẹ̀ fún mi, ọ̀kan nínú wọn sì bèèrè pé ṣé Mà ṣì ń ṣe jẹ́lì aláwọ̀ mẹ́ta. Mo délé, mo wo abọ́ náà, ojú ara mi tì mí. Mo wá jẹ́lì tí wọ́n fi ti màlúù ṣe kiri títí mo fi rí i, mo ka ẹ̀yìn páálí náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo ṣe pupa sínú abọ́ búlúù náà, mo dúró dè é. Mo ṣe yẹ́lò, mo dúró dè é. Mo fi aláwọ̀ ewé parí rẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nínú gbogbo wákàtí yẹn, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n gùn tó bẹ́ẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé abọ́ náà sínú kúlà pẹ̀lú yìnyín tí mo rà lọ́wọ́ ẹlòmíì, mo wọ mọ́tò lọ sí Iyara.

Ó ti darúgbó. Ó mọ̀ mí lójú ẹsẹ̀, ó ní, "Okun o, Tíṣà. O kú ọ̀nà," ó fún mi ní àga. Ó pe ọmọ ọmọ rẹ̀ kó gbé omi wá fún àlejò. Wọ́n gbé omi náà wá lórí tíréè, nínú ife gíláàsì tí wọ́n fi bébà nù, tí wọ́n sì fi àwo kékeré bò. Mo mu ún. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí páálí dé orí kíláàsì dé orí fíríìjì.

Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo mọ̀, Tíṣà," ó ní. "Ọmọbìnrin tí o ní kó kà á yẹn, ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ra yìnyín fún ìyá rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ náà ló sọ fún mi. Inú bí mi, mi ò ní purọ́. Mo sọ fún Bàbá. Bàbá ní ohun tí a kò mọ̀, Ọlọ́run kò ní bi wá léèrè rẹ̀, Tíṣà náà kò sì mọ̀. Ó ní kí n lọ sọ fún ọ kí ọkàn rẹ balẹ̀. Mo ní rárá, Tíṣà á wá fúnra rẹ̀. Ìyẹn ni mo fi se mọ́ínmọ́ín, tí mo gbé abọ́ wá, kí o lè rí ohun tí wàá gbé bọ̀."

Mo gbé abọ́ náà jáde nínú kúlà, mo gbé e síwájú rẹ̀.

"Bàbá retí rẹ o. Tí ilẹ̀kùn bá ti dún, á ní, ṣé Tíṣà ni? Títí ó fi kú."

"Ẹ dárí jì mí, Màmá."

"Mo ti dárí jì ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Dìde, ilẹ̀ tutù." Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ díẹ̀. "Ti ẹlẹ́dẹ̀ kọ́ ló dùn mí. Fíríìjì yẹn ni."

Ó ṣí abọ́ náà, ó bu aláwọ̀ ewé ní ṣíbí kan, ó jẹ ẹ́, ó ní ó dì dáadáa. Ó ní kí ọmọ ọmọ rẹ̀ bu ìyókù fún àwọn ọmọdé. Ọmọ náà fọ abọ́ náà, ó nù ún, ó gbé e sórí pẹpẹ wọn pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì dà bí ẹni pé kò kúrò níbẹ̀ rí. Ìyá Oníyìnyín sìn mí dé etí títì. Ó gbàdúrà fún mi, mo ṣe àmín. Ó ní kí n kí ilé.

Mo ti padà sí Kabba, inú yàrá kan náà ni mo wà. Ayálégbé tuntun ló wà ní òdìkejì ògiri, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kì í sábà sí nílé. Mo tún ṣe jẹ́lì ní Kérésì tó kọjá, aláwọ̀ kan, ife kan. Ọkàn mi fúyẹ́ ní ti pé mo sọ ọ́, mi ò ní sẹ́ ìyẹn. Ṣùgbọ́n mi ò rò ó tẹ́lẹ̀ pé màá máa wo ojú pẹpẹ tí abọ́ náà ti kúrò báyìí. Odindi ọdún mẹ́sàn-án ni ohun kan fi wà nínú ilé mi tó yẹ kí n gbé lọ fún ẹnì kan, ẹnì kan sì wà níbì kan tó yẹ kó máa retí mi. Mo ti gbé e lọ. Kò sí abọ́ rẹ̀ kankan lọ́dọ̀ mi mọ́, kò sì sí tèmi lọ́dọ̀ rẹ̀.